Ta ló jẹ̀bi nígbà tí ife ẹ̀yẹ bọ́ lọ́wọ́ Akeem Ọlájùwọ́n àti Clyde Drexler?

Bí ẹ bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ẹ kàn dárúkọ Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, kí ẹ sì fi ọdún 1983 kún un. Ẹnì kan á ní Akeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, ló sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn á ní rárá o, Clyde Drexler ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣera rẹ̀. Ẹnì kẹta á ní Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ni kí wọ́n dì mú. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, ẹjọ́ ọ̀hún ò tíì parí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo eré náà á rí i pé ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló jẹ̀bi. Lóòótọ́, márùn-ún-márùn-ún ni wọ́n ń wọ pápá, àmọ́ méjì-méjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà mọ̀ ọ́n. Ìyá kan ń dín àkàrà, ọmọ rẹ̀ ń gbowó. Bí ìyá bá mọ àkàrà dín ju gbogbo àdúgbò lọ, tí ọmọ ò mọ ṣéńjì í ṣírò, kí ni wọ́n fẹ́ gbé délé? Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú àwọn ọmọ Houston palẹ̀ ní méjì-méjì.

AKEEM ÀTI MICHEAUX: ÀWỌN TÓ RU ẸRÙ

Èkó ni wọ́n bí Akeem sí ní 1963. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀, gólì ló sì máa ń ṣọ́ nínú ti ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé Houston ní 1980, wọn ò jẹ́ kó gbá eré kankan lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n ní kó lọ máa bá Moses Malone fi eré wọra. Àgbà ọ̀jẹ̀ tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ni Malone. Ó ń tì í, ó ń gbún un nígbọ̀nwọ́, kò sì ṣàánú rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó le á mọ ohun tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń sọ ọmọ dà. Nígbà tí 1983 fi dé, kò sí ọmọ yunifásítì tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù níwájú Akeem. Tí wọ́n bá jù ú, á gbá a dànù.

Àmọ́ ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Larry Micheaux ni. Àwọn èèyàn kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Òun ni igi lẹ́yìn ọgbà Akeem. Òun ló ń bá àwọn géńdé ẹgbẹ́ kejì fa wàhálà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, tí Akeem á fi ráyè fò. Nínú gbogbo méjì-méjì tí Houston ní, àwọn wọ̀nyí ló fìdí múlẹ̀ jù, bí ariwo tilẹ̀ wà lórí àwọn mìíràn.

CLYDE ÀTI YOUNG: Ọ̀TÚN ÀTI ÒSÌ

Clyde Drexler àti Michael Young, ìlú Houston ni àwọn méjèèjì ti dàgbà. Bí ọ̀kan bá gba ọ̀tún, èkejì á gba òsì. Young mọ̀ ọ́n jù láti ọ̀nà jíjìn. Clyde ní tirẹ̀, bí ẹyẹ ló ń fò, á wá ki bọ́ọ̀lù bọ apẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí Akeem bá gba bọ́ọ̀lù tó ta padà, kó tó yíjú, Clyde ti sáré dé iwájú. Eré tí Akeem àti Clyde jọ ń gbá yìí ló mú akọ̀wé ìròyìn kan sọ wọ́n ní Phi Slama Jama, bí ẹni ń sọ pé ẹgbẹ́ àwọn akibọ́ọ̀lù-bọ-apẹ̀rẹ̀. Ìfakọyọ 26 ni wọ́n jẹ léra wọn, kí wọ́n tó dé àṣekágbá.

ÀWỌN MÉJÌ TÍ KÒ SÍ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ta ló ń di bọ́ọ̀lù mú nígbà tí eré bá falẹ̀? Alvin Franklin ni, ọ̀dọ́mọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lọ́dún náà. Ọmọ náà mọṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹnì kejì tó ti bá a gbé pẹ́.

Ẹ wá wo ẹgbẹ́ North Carolina State tí wọ́n fẹ́ bá pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n ti fìdí rẹmi lọ́dún náà, kò sì sẹ́ni tó kà wọ́n sí. Àmọ́ wọ́n ní Sidney Lowe àti Dereck Whittenburg. Iléèwé girama kan náà, DeMatha, ni àwọn méjèèjì ti wá. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti jọ ń gbá a. Bí Lowe bá ṣẹ́jú, Whittenburg ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

ALẸ́ ỌJỌ́ 4 OSÙ KẸRIN

Ní Albuquerque ni wọ́n ti pàdé. Kí ìdajì eré tó pé, rẹfirí ti fọn fèrè mọ́ Clyde ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tó bá di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọ́n á lé e jáde pátápátá. Ó di dandan kó jókòó. Níbẹ̀ ni okùn tó so òun àti Akeem pọ̀ ti já. 33 sí 25 ni Houston fi wà lẹ́yìn nígbà ìsinmi.

Wọ́n padà wọlé, Akeem gbà á bí ẹni tí iná ń jó. Houston dé 42, wọ́n fi àwọn yẹn sí 35. Ìgbà náà ni Lewis ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n di bọ́ọ̀lù mú, kí àkókò lọ. Nígbà yẹn, kò tíì sí aago tó ń fipá mú ẹgbẹ́ láti ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje náà. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé eré sísá ni oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ní kó máa rìn. Iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjì tí Houston kò ní.

Jim Valvano, akọ́nimọ̀ọ́gbá North Carolina State, rí i kíá. Ó ní kí wọ́n máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, kí wọ́n lọ dúró ju bọ́ọ̀lù ìtanràn. Àwọn ọmọ Houston ń jù ú, kò wọlé. Wọ́n bára dọ́gba ní 52. Franklin tún lọ jù ú, ó tàsé.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Benny Anders ti Houston fẹ́ẹ̀ já bọ́ọ̀lù gbà. Ìka rẹ̀ kàn án. Whittenburg rá a mú, ó sọ ọ́ láti òkèèrè. Kò tilẹ̀ dé apẹ̀rẹ̀. Àmọ́ Lorenzo Charles wà níbẹ̀, ó hán an lófuurufú, ó kì í wọlé. 54 sí 52. Eré parí.

ÌDÁJỌ́

Akeem sùn, àbí? Àmì 20 ló gbà lálẹ́ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù 18 tó ta padà ló kó, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìparí ìdíje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pàdánù. Clyde kọ́ náà. Ẹni tó jókòó kò lè fò. Wọ́n ní ẹni méjì tó ń ru ẹrù, wọ́n ní ẹni méjì tó ń fò, ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹni méjì tó lè di owó ọjà mú títí dé ilé.

Clyde lọ fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe ní Portland lọ́dún náà, Micheaux náà parí. Akeem àti Young tún dé àṣekágbá ní 1984, Georgetown ti Patrick Ewing fi 84 sí 75 lù wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá pẹ́ kì í ṣàì jinná. Ní oṣù kejì 1995, Clyde padà bá Akeem ní Houston Rockets, níbi tí wọ́n ti ń gbá a gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Kenny Smith àti Sam Cassell wà nílẹ̀ láti di bọ́ọ̀lù mú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bá Orlando Magic pàdé nínú àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n lù wọ́n. Akeem kan náà ni, Clyde kan náà ni. Àwọn tó dúró tì wọ́n ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ di ẹ̀bi ru ọmọ Èkó, kó kọ̀wé wá, kó sì sọ ẹni tí ì bá bá a di bọ́ọ̀lù mú lálẹ́ ọjọ́ náà.