Oorun Àkàndá Ọmọ àti Lílo Mẹlatónìn: Ohun tí Ó Yẹ kí Olùkọ́ ní Agbègbè Agbabu Mọ̀

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé lórí mẹlatónìn, èròjà tí ara ènìyàn ń pèsè nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn oníṣègùn sì ń lò láti ran àwọn àkàndá ọmọ tí kì í rí oorun sùn lọ́wọ́. Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí iṣẹ́ yìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àmì òkùnkùn ni mẹlatónìn jẹ́, kì í ṣe oògùn tí ń fi ipá gbé ọmọ sùn. Nítorí náà, títún òru ọmọ ṣe ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú oògùn, dókítà ni ó sì yẹ kí ó pinnu bóyá ọmọ nílò rẹ̀.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí ó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ọ̀rọ̀ ìbáwí ni òwe yìí. Ó gbà pé ọmọ náà mọ̀-ọ́n-mọ̀ fẹ́ da ìyá rẹ̀ láàmú ni, ó sì ń kìlọ̀ fún un pé ìyà náà yóò kan òun pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó yẹ kí a fi òwe yìí bá wí. Àwọn kan wà tí àìsùn wọn kì í ṣe ìwàkiwà rárá: ọmọ tí ó ní ọ́tísìmù, ọmọ tí ó ní wárápá, ọmọ tí làákàyè rẹ̀ kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ dọ́gba, ọmọ tí kò lè fara balẹ̀ lójú kan, àti ọmọ tí ojú rẹ̀ fọ́. Àwọn wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní àkàndá ọmọ. Ìṣòro oorun pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn kan kì í tètè sùn. Àwọn mìíràn a jí ní ọ̀gànjọ́, wọn kò sì ní padà sùn mọ́.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tí ó ń rẹ́rìn-ín lóru, àwọn ará ilé a máa sọ pé ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀ ni ó ń bá a ṣeré. Ní ilé ẹ̀kọ́, bí ó bá ń tòògbé, wọn a ní ọ̀lẹ ni. Bí ó bá ń kanra, wọn a ní alágídí ni. Ìyá tí kò fojú kan oorun ní òru ni yóò tún jí lọ sí oko tàbí ọjà ní òwúrọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ oorun ọmọ fi kọjá ọ̀rọ̀ inú yàrá: ó kan ìlera ìyá, ó kan ẹ̀kọ́ ọmọ, ó sì kan irú ọwọ́ tí olùkọ́ fi ń mú un.

Ohun tí mẹlatónìn jẹ́

Ẹṣẹ́ kékeré kan wà ní àárín ọpọlọ ènìyàn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pineal. Ní ọdún 1958, Aaron Lerner àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà yọ èròjà kan jáde láti inú ẹṣẹ́ yìí lára màlúù, wọ́n sì sọ ọ́ ní mẹlatónìn. Họ́mónù ni, ìyẹn èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri láti jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà ara.

Iṣẹ́ tí mẹlatónìn ń jẹ́ ni pé ilẹ̀ ti ṣú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọ ojú, ojú a ránṣẹ́ sí agogo inú ara tí ó wà nínú ọpọlọ, agogo náà a sì dá ẹṣẹ́ pineal dúró. Bí òkùnkùn bá dé, ẹṣẹ́ náà a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mẹlatónìn a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí méjì ṣáájú àkókò tí ènìyàn máa ń sùn, a pọ̀ jù lọ ní ọ̀gànjọ́, a sì lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó jọ akéde ìlú. Bí akéde bá lu agogo pé kí gbogbo ìlú wọlé, agogo rẹ̀ kọ́ ni ó ń gbé ènìyàn wọlé. Ó kàn ń sọ pé àkókò tó ni. Bí ariwo bá sì gba ìgboro kan, agogo náà kò ní dé etí ẹnikẹ́ni.

Àwọn àkàndá ọmọ kan wà tí ìkéde yìí kì í dé ọ̀dọ̀ wọn bí ó ti yẹ. Ọmọ tí kò rí ìmọ́lẹ̀ rárá kò ní ohun tí yóò máa tún agogo inú ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Oorun rẹ̀ lè máa sún síwájú díẹ̀díẹ̀ títí òru yóò fi di ọ̀sán fún un. Nínú àìsàn àbímọ́ kan tí kò wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Smith-Magenis, ọ̀sán gan-an ni mẹlatónìn máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìwádìí kan sì fi hàn pé mẹlatónìn tí ara àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísìmù ń pèsè kéré sí ti àwọn ọmọ mìíràn.

Òru ní Agbabu

Agbabu wà lẹ́bàá odò Oluwa. Ọ̀dà bítúmẹ̀nì tí ó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀; ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí kò náni ní kọ́bọ̀, tí ó sì ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí: òru tí kì í yẹ àdéhùn. Nítorí pé agbègbè náà kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù lọ́dún kò pé wákàtí kan. Yálà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí nígbà òjò, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí agogo méje, ilẹ̀ a sì ṣú kíákíá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ó máa ń kọjá agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá kì í ju nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ. Òbí tí ó wà níbẹ̀ ń bá ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run jà. Èyí tí ó wà ní Agbabu kò ní irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ba òru jẹ́ ní ilẹ̀ yìí, ènìyàn ni ó ń tàn án. Fóònù tí wọ́n fi ń pa ọmọ lẹ́kún wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹlifíṣàn tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé ṣiṣẹ́, àti gílóòbù funfun tí ó ń tàn sí ọmọ lójú títí di ọ̀gànjọ́. Irú ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú fóònù àti gílóòbù funfun ni ó ń dá mẹlatónìn dúró jù. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ooru, ẹ̀fọn àti ariwo náà ń kó tiwọn. Ní Òrè, níbi tí ọkọ̀ ti ń gba òpópónà Èkó sí Bìní kọjá tọ̀sán-tòru, fèrè ọkọ̀ kan ṣoṣo tó láti jí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gba ariwo.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 1994, James Jan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vancouver, ní Kánádà, gbé ìròyìn jáde lórí àwọn àkàndá ọmọ díẹ̀ tí mẹlatónìn ràn lọ́wọ́ láti sùn. Ìwádìí tí ó tóbi jù ìyẹn lọ ni èyí tí Paul Gringras àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Kí wọ́n tó fún ọmọ kankan ní oògùn, wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tọ́ àwọn òbí sọ́nà lórí bí wọn yóò ṣe ṣètò àsìkò oorun. Ọmọ 146 tí ìṣòro wọn ṣì kù lẹ́yìn èyí ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 12: àwọn kan lo mẹlatónìn, àwọn yòókù lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Àwọn tí ó lo mẹlatónìn fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 tètè sùn ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 péré ni àpapọ̀ oorun wọn fi gùn sí i, nítorí pé wọ́n tún ń tètè jí.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí. Akéde náà lè mú kí ọmọ tètè wọlé, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró sínú ilé. Òbí tí ìṣòro ọmọ rẹ̀ jẹ́ jíjí ní ọ̀gànjọ́ kò gbọdọ̀ retí púpọ̀ láti ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí irú mẹlatónìn kan tí ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara ní 2018, fún ọmọ ọdún 2 sí 18 tí ó ní ọ́tísìmù tàbí Smith-Magenis, wọ́n là á sílẹ̀ pé ọmọ tí ìṣètò oorun kò ràn lọ́wọ́ nìkan ni ó wà fún. Ohun kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà sọ ní 2020: ìṣètò ni àkọ́kọ́, oògùn ni ìkejì.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Nàìjíríà ti rí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí oògùn ìtura ọmọ bá bàjẹ́. Ní ọdún 2008, oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn òbí ń fún ọmọ tí ó ń hu eyín, bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ. Èròjà olóró tí ń jẹ́ diethylene glycol ni ó wọ inú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́. Ó kéré tán, ọmọ 84 ni ó kú. Kì í ṣe mẹlatónìn ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ni pé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò lè yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹlatónìn náà kò yọ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé dókítà ni wọ́n fi ń gbà á. Ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1994, àfikún oúnjẹ ni wọ́n kà á sí, ẹnikẹ́ni sì lè rà á lórí àtẹ. Irú ti orí àtẹ yìí ni ẹbí tí ó wà lókè òkun lè fi ránṣẹ́ sílé. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ oríṣi 25 tí wọ́n ṣe bíi súìtì wò. Nínú 22, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò tọ̀nà, ọ̀kan kò sì ní mẹlatónìn rárá. Láàárín 2012 sí 2021, ìpè tí àwọn ibùdó ìtọ́jú májèlé níbẹ̀ gbà nítorí ọmọ tí ó gbé mẹlatónìn jẹ fò sókè láti 8,337 lọ́dún sí 52,563.

Bí dókítà tilẹ̀ fún ọmọ ní mẹlatónìn, orí lè máa fọ́ ọ, oorun sì lè máa kùn ún ní òwúrọ̀. Ó tún lè ta ko oògùn mìíràn tí ọmọ ń lò. Èyí tí ó burú jù ni fífi oògùn ikọ́, oògùn ara yíyún tàbí àgbo tí wọ́n fi ọtí ṣe rẹ ọmọ sùn. Promethazine, fún àpẹẹrẹ, lè pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì nípa dídí èémí rẹ̀ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́

Olùkọ́ kì í ṣe dókítà, kò sì gbọdọ̀ júwe oògùn fún òbí. Síbẹ̀, iṣẹ́ mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkínní ni àkíyèsí. Bí àkàndá ọmọ bá ń tòògbé ní kíláàsì, kí olùkọ́ béèrè bí òru ṣe rí kí ó tó mú ẹgba.

Èkejì ni àkọsílẹ̀. Kí olùkọ́ ran òbí lọ́wọ́ láti kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìgbà tí ọmọ dùbúlẹ̀, ìgbà tí ó sùn, iye ìgbà tí ó jí, àti ìgbà tí ó jí pátápátá. Ìwé yìí wúlò fún dókítà ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bí ọmọ bá ń hanrun, bí ara bá ń yún un, bí ibà bá ń ṣe é tàbí bí gìrì bá ń mú un lóru, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ní ìtọ́jú tiwọn.

Ẹ̀kẹta ni ìṣètò òru. Kí ọmọ máa sùn ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ó sì máa jí sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Kí wọ́n pa fóònù ní wákàtí kan ṣáájú oorun, kí wọ́n sì ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ìwẹ̀, àlọ́ àti orin arẹmọ, bí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ara wọn bákan náà lálaalẹ́, yóò di àmì fún ọmọ pé oorun kàn. Fún ọmọ afọ́jú, àmì tí ó lè gbọ́ tàbí tí ó lè fọwọ́ kàn ni kí wọ́n lò. Ọmọ adití ní tirẹ̀ kò lè rí ọwọ́ tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Kí wọ́n fi àtùpà rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀ títí yóò fi sùn.

Ẹ̀kẹrin ni títọ́ òbí sọ́nà. Bí ìṣètò yìí kò bá so èso, kí olùkọ́ darí òbí sí dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá, bí irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì mú ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé mẹlatónìn wúlò fún àwọn àkàndá ọmọ kan, pé ìwúlò rẹ̀ ní ìwọ̀n, àti pé rírà á láìsí dókítà léwu. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé òbí ní Agbabu ti ní ohun tí oògùn náà ń ṣàfarawé rẹ̀, ìyẹn òkùnkùn tí ń dé lákòókò, bí wọn kò bá fi ọwọ́ ara wọn lé e lọ. Ó yẹ kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni fi ẹ̀kọ́ nípa oorun kún ètò ẹ̀kọ́ àkànṣe, kí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń jáde lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí ó ya ọ̀lẹ àti ọmọ tí kò rí oorun sùn.