Ta Ni Yóò Ka Iṣẹ́ Tí Ẹ̀rọ Kọ?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni tèmi lónìí. Kò ní gùn, ìlú Manchester tí à ń gbé yìí gan-an ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1948, ní Yunifásítì Manchester, Freddie Williams, Tom Kilburn àti Geoff Tootill mú ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Baby. Òun ni ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá oníná àkọ́kọ́ tí ó tọ́jú àṣẹ tí wọ́n fún un sínú ara rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ lé e. Àṣẹ bẹ́ẹ̀, tí a tò ní ìlà-ìlà, ni à ń pè ní kóòdù. Ti Kilburn lọ́jọ́ náà kò ju ìlà 17 lọ: kí ẹ̀rọ wá nọ́ńbà tí ó tóbi jù lọ tí ó lè pín 262,144 láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú 52 kí ó tó dáhùn pé 131,072 ni. (Ẹ̀yin ọmọ, ìdajì rẹ̀ ni. Ẹ lè ṣe é lórí ìwé kí ìrẹsì tó dé.)

Kíka ìlà 17 kò le. Ṣùgbọ́n Alan Turing, tí ó dé yunifásítì yìí ní 1948, ti rí i pé ìlà yóò pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹfà 1949, ó lọ sọ̀rọ̀ ní Cambridge lórí bí a ṣe lè mọ̀ pé àṣẹ gígùn tí a kọ fún ẹ̀rọ tọ̀nà. Ìṣirò àròpọ̀ bíi ti ọmọ iléèwé ni ó fi ṣe àpèjúwe. Ẹ jẹ́ kí n fi owó àjọ ṣe tèmi. Alájọ ro 478, 256 àti 389 pọ̀, ó ní ó jẹ́ 1,123. Bí ó bá kọ èsì nìkan, ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní láti ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ nọ́ńbà tí ó gbé lọ sí òsì sílẹ̀, 2 láti ipò ẹyọ, 2 láti ipò ẹ̀wá, ọmọ mẹ́ta lè pín ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ara wọn, kí oníkálukú yẹ tirẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni Turing ní kí ẹni tó ń kọ kóòdù ṣe: kí ó kọ ohun tó yẹ kó jẹ́ òótọ́ ní ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kọ kóòdù. GitHub Copilot jáde fún ìdánwò ní 2021, ChatGPT dé ní ìparí 2022, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé wọn. Ọmọ yóò sọ ohun tó fẹ́. Kí ó tó ṣẹ́jú, igba ìlà ti jáde. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ ilé wa tó bẹ́ẹ̀. Ká ní a fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò owó ìwọlé àpèjẹ, tí a sì ní ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 12 kò ní sanwó. Ẹ̀rọ lè kọ ọ́ báyìí: age <= 12. Ẹ fi ọmọ ọdún 8 dán an wò, ó tọ̀nà. Ẹ fi ti ọdún 15 dán an wò, ó tún tọ̀nà. Ẹni tó pé 12 gan-an ni yóò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, akápò kò sì ní mọ ibi tí owó gbà lọ. Bí ẹ bá sì ní kí ẹ̀rọ yẹn náà dán iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, ó lè lo 8 àti 15 kan náà, kí ó sì yin ara rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń lo irinṣẹ́ àyẹ̀wò tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Git, tí Linus Torvalds kọ ní 2005. Ó máa ń fi ìlà tí wọ́n yọ hàn pẹ̀lú àmì -, àti èyí tí wọ́n fi kún un pẹ̀lú àmì +:

- age <= 12
+ age < 12

Nínú irinṣẹ́ àyẹ̀wò, ẹ ó tẹ ìlà tó kọ yín lóminú, ẹ ó kọ ìbéèrè yín síbẹ̀, ẹ ó kó gbogbo ìbéèrè náà padà fún ẹ̀rọ kí ó tún iṣẹ́ ṣe, ẹ ó sì tún un kà. Àyẹ̀wò náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, àdírẹ́sì àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ bá wà níbẹ̀, wọn kò ní torí àyẹ̀wò kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín o: bí ẹ̀rọ tó ń kọ kóòdù bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ bá fún un ti jáde nílé nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru kí ọmọ lè kàwé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìdánwò GCSE Computer Science máa ń ní kí ọmọ tọpa kóòdù fúnra rẹ̀, ìlà sí ìlà. Mo sì gbà pé ẹni tí yóò gba ọmọ síṣẹ́ lọ́la yóò bi í bóyá ó lè ṣàlàyé ohun tó gbé wá. Ẹ kò nílò láti mọ kóòdù. Ẹ pe ọmọ jókòó, kí ó fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan fún yín. Ibi tí ó bá ti ní, “Mọ́mì, ẹ̀rọ ló kọ ìyẹn, mi ò mọ̀ ọ́n,” ẹ ní kí ó fi àmì síbẹ̀, kí ó sì lọ fi 11, 12 àti 13 dán an wò.