Ẹ Lọ Wo Sunny Adé Lójú Agbo

Ẹni tó kó àwo Sunny Adé jọ sílé, tó mọ orin rẹ̀ bí ẹni mowó, àmọ́ tí kò dé ibi tó ti ń ṣeré rí, kò tíì gbọ́ jùjú tán. Ìdí ẹmu àti òde àríyá l'Ékòó ni orin yìí ti gbó, láyé Túndé King láwọn ọdún 1930. Ojú agbo náà ló ṣì ti ń dùn jù.

Òṣogbo ni wọ́n bí Sunny Adé sí ní 1946, ọmọ ìdílé ọba Òǹdó sì ni. Abẹ́ Moses Ọláìyá ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí Ọláìyá, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sàlá, ṣì ń kọ híláìfù, kó tó di aláwàdà tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1967, ó dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀, èyí tó wá di African Beats.

Nínú àwọn àwo tó ṣe fún wa nílé, ojú kan lè jẹ́ orin lórí orin, láìdánu dúró, bí ẹni wà lóde. Nígbà tí Island Records gbé Juju Music jáde fún àwọn ará òkè òkun ní 1982, wọ́n gé e sí kéékèèké. Àwo náà dára, ó gbé orúkọ rẹ̀ káyé, Synchro System tó tẹ̀ lé e sì wọ ìdíje Grammy. Síbẹ̀, orin tí wọ́n gé kúrú kò ráyè dúró de ènìyàn.

Orin ojú agbo ń dúró de ènìyàn. Bí ẹnì kan bá jó bọ́ síwájú, gángan á kì í, Sunny á gbà á lẹ́nu ìlù, àwọn elégbè á gbè é, orin tó ti fẹ́ parí á tún gbéra sọ. Kò sẹ́ni tó ń kánjú.

Ẹ má tẹjú mọ́ Sunny nìkan o. Ẹ wo onígángan: bó bá fún ọsán mọ́ abẹ́ apá, ohùn á lọ sókè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì jáde ketekete. Ẹ wá gìtá tí wọ́n tẹ́ gbalaja sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ń fi irin wọ́ lórí okùn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ni jùjú ti yá a. Dèmọ́lá Adépọ̀jù tó ta á fún Sunny náà ló ta á fún Paul Simon nínú àwo Graceland ní 1986.

Ijó ńkọ́? Gìtá á wà lọ́rùn Sunny, á tẹ orúnkún díẹ̀, á fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ tẹ̀lé ìlù, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣe bó ti ṣe. Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé fi sínú àwo.

Ní ti owó níná, òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 ti ka fífọ́n náírà lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ fi tiyín sínú àpòòwé.

I.K. Dáíró, àgbà jùjú tó gba oyè MBE ní 1963, kú ní 1996. Àwo rẹ̀ wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún lè lọ wò ó lójú agbo mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ pé Sunny Adé ń bọ̀ ládùúgbò rẹ̀, kó tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílù, kó sì wọ bàtà tó ṣeé jó.