Sáńdà tó ń ha igi, tó tún ń ha irin: Ibi tí owó àti ewu rẹ̀ wà

Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ni ọmọṣẹ́ káfíńtà lè fi sáńpépà ọwọ́ ha ojú tábìlì ìrókò kan ṣoṣo, kó máa làágùn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì táwọn oníṣẹ́ ń pè ní sáńdà máa parí iṣẹ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń wá owó rẹ̀, pàápàá àwọn tó ń ṣe tábìlì tí òkè rẹ̀ jẹ́ igi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irin. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rọ kan bá ti ń ṣiṣẹ́ méjèèjì gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti mọ̀. Róólà méjì ló ní, mọ́tò ń yí èyí tó wà lẹ́yìn, bẹ́líìtì sáńpépà tí wọ́n so yípo sì ń sáré lórí méjèèjì. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà láyé, nítorí ọdún 1926 ni ilé iṣẹ́ Porter-Cable l'Amẹ́ríkà ti gbé tiẹ̀ jáde.

Lójú ẹni tó ń ṣírò èrè, bẹ́líìtì ló yẹ kó máa ṣọ́ ju ẹ̀rọ lọ, torí òun ni yóò máa rà lemọ́lemọ́. Ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: ti ẹ̀rọ kan lè jẹ́ ínṣì 3 sí 18, ti òmíì 3 sí 21 tàbí 4 sí 24, ọ̀kan kò sì lè wọ inú èkejì. Nọ́ńbà 40 tàbí 60 ló ń jẹ igi púpọ̀, 80 ń tún un ṣe, 120 ń mú un dán. Kí wọ́n wo àmì ọfà tó bá wà nínú bẹ́líìtì, kó kọjú síbi tí ẹ̀rọ ń yí sí. Bí wọ́n bá fi í sódì, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ lè já.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń dì í mú ló ń sọ bóyá ọjà yóò dára. Òkè ni kí wọ́n ti tan ẹ̀rọ, kí wọ́n tó rọra gbé e lé igi, kó sì ti máa rìn kó tó balẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pa á, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kúrò. Bó bá dúró lójú kan, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kòtò ló máa gbẹ́, fáníìṣì kò sì ní bò ó. Ìlà ara igi ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá. Bí ẹ̀rọ ṣe wúwo ti tó, ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́líìtì àti mọ́tò ló ń jó. Pílàíwúùdù ń fẹ́ ìṣọ́ra jù, torí awẹ́ igi ojú rẹ̀ sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju mìlímítà kan lọ. Bó bá ti fá, ó di kí wọ́n ra òmíì fún oníbàárà.

Ní ti irin, ẹ̀rọ fáìlì ni kó kọ́kọ́ gé ibi tí wẹ́dà jó pọ̀ sí, kí sáńdà wá tún ojú rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Bẹ́líìtì aluminium oxide ń ṣe igi, ó ń ṣe irin, ṣùgbọ́n zirconia ló ń fara da iṣẹ́ irin jù. Èyí tó bá ti ha irin, kó má padà sórí igi mọ́. Ìyẹ̀fun irin tó bá há sínú ìrókò lè di àbàwọ́n dúdú bí omi bá kàn án.

Èyí tó burú jù ni iná. Irin máa ń ta iná wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ń ha á, ẹ̀rọ sì ń fa á sínú àpò tí ìyẹ̀fun igi kún. Ó lè má jó lójú ẹsẹ̀. Ó lè máa rú èéfín díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, kó wá gbiná nígbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo ènìyàn ti lọ sùn. Nítorí náà, kí wọ́n yọ àpò náà, kí wọ́n gbọn inú ẹ̀rọ dànù, kí wọ́n sì gbá ilẹ̀ kí irin tó dé orí tábìlì. Ṣọ́ọ̀bù tó bá lágbára, kó ní ẹ̀rọ méjì.

Ìbòmú náà kì í ṣe fáàrí. Lọ́dún 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ìyẹ̀fun igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Ọ̀dà ara géètì àtijọ́ sì lè ní òjé nínú. Kò yẹ kí ọmọ kékeré wà nítòsí bí wọ́n bá ń ha á.

Ó ku ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Àwọn sáńdà kan ń gba watt 650, àwọn ńlá ń gba tó 1,200, wọ́n sì ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré táwọn èèyàn ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé èyí tó ńlá. Ara ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kọ watt náà sí. Kí oníṣọ́ọ̀bù kà á kó tó sanwó.