ỌWỌ́ KAN KÒ GBẸ́RÙ DÓRÍ: ÌPALẸ̀MỌ́ FÚN IṢẸ́ ABẸ ERÌGÌ ÀTI ÌTỌ́JÚ LẸ́YÌN RẸ̀

Àṣamọ̀
Àìsàn erìgì wà lára ohun tí ó ń sọ eyín àgbàlagbà nù jù lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọjọ́ ogbó ni ó fà á. Nígbà tí àìsàn náà bá ti kọjá ohun tí fífọ eyín lè wò, àwọn oníṣègùn eyín a máa lo iṣẹ́ abẹ. Bébà yìí ṣe àlàyé ohun tí iṣẹ́ abẹ erìgì jẹ́, ìpalẹ̀mọ́ tí ó yẹ kí aláìsàn ṣe, àti bí yóò ṣe tọ́jú ara rẹ̀ títí ọgbẹ́ yóò fi jinná. Èrò wa ni pé ìdajì iṣẹ́ ni abẹ ń ṣe, ọwọ́ aláìsàn ni ìdajì yòókù wà. Nítorí náà, àlàyé tí kò bá yé aláìsàn ní èdè tirẹ̀ lè ba iṣẹ́ oníṣègùn jẹ́.

1.0 Ìfáárà
Yorùbá ka eyín sí ohun ẹwà. Ẹni tí ó ní ẹ̀jí, tí eyín rẹ̀ sì funfun, kì í ṣàìrí ìyìn gbà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìyìn tí à ń fún eyín, erìgì tí ó gbé e ró kì í sábàá rí tirẹ̀ gbà. Erìgì ni ilẹ̀ tí igi eyín fìdí múlẹ̀ sí. Bí ọ̀gbàrá bá ti wọ́ ilẹ̀ ìdí igi lọ, igi náà kò ní pẹ́ wó.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni ó tì wá láti kọ bébà yìí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ṣe iṣẹ́ abẹ erìgì ní ilé ìwòsàn kan. Iṣẹ́ náà lọ déédéé. Wọ́n fún un ní ìwé ìtọ́ni tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kó o sínú àpò rẹ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó bu omi gbígbóná, ó da iyọ̀ sí i, ó sì fi ṣan ẹnu rẹ̀ kíkankíkan, nítorí ohun tí a kọ́ gbogbo wa nílé ni pé iyọ̀ ń wo ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì sójú ọgbẹ́ bá omi náà jáde. Òru ni a gbé e padà, tí wọ́n tún ibẹ̀ rán. Iyọ̀ kò ṣẹ̀. Àsìkò tí a lò ó ni kò tọ́. Ìtọ́ni náà sì wà nínú ìwé tí kò kà.

2.0 Bí Àìsàn Erìgì Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀
Ìdọ̀tí rírọ̀ kan máa ń lẹ̀ mọ́ ara eyín lójoojúmọ́. Inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, erìgì yóò wú, yóò pọ́n, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìlú Aarhus ní orílẹ̀-èdè Denmark. Wọ́n ní kí ènìyàn 12 tí erìgì wọn dára ṣíwọ́ eyín fífọ̀. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, erìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eyín, erìgì wọn padà bọ̀ sípò. Èyí fi hàn pé ìdọ̀tí ni ó bí àìsàn náà, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Bí a bá fi ìdọ̀tí yìí sílẹ̀, yóò le bí òkúta. Búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò kò lè ká a mọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: erìgì yóò máa já kúrò lára eyín, àlàfo tí ó dà bí àpò yóò sì ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Nínú erìgì tí ó dára, àlàfo yìí kì í ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Bí ó bá ti ń jìn sí i, egungun tí ó di gbòǹgbò eyín mú yóò máa jẹ lọ, eyín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí oníṣègùn ha òkúta náà kúrò lára eyín àti gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé eyín fífọ̀ nílé ìwòsàn ni ó ń mú eyín mì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta náà ni ó ti ń di eyín tí ó ti tú mọ́ra. Nígbà tí a bá ha á kúrò, àṣírí yóò tú. Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, oníṣègùn yóò tún wọn àlàfo náà. Bí ó bá ṣì jìn tó mìlímítà 5, 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ó lè dámọ̀ràn iṣẹ́ abẹ.

3.0 Ohun Tí Iṣẹ́ Abẹ Erìgì Jẹ́
Oríṣiríṣi ni iṣẹ́ abẹ erìgì. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a la erìgì, kí a ká a sẹ́yìn bí ẹni ká etí aṣọ, kí a lè fojú rí gbòǹgbò eyín, kí a ha á mọ́, kí a sì rán erìgì padà. Leonard Widman, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ṣe àlàyé irú rẹ̀ kan ní ọdún 1918. Ramfjord àti Nissle sì ṣe àtúnṣe sí i ní ọdún 1974. Nígbà mìíràn, a lè gé erìgì tí ó wú bo eyín dànù, tàbí kí a mú ẹran díẹ̀ láti àjà ẹnu láti fi bo gbòǹgbò tí ó ti ṣí sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ibẹ̀ kú ni a sábà máa ń lò. Aláìsàn yóò wà lójúfò, yóò mọ̀ pé ọwọ́ ń kan òun, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó mọ ìrora. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó na ọwọ́ sókè, wọn yóò fi kún abẹ́rẹ́ náà.

4.0 Ìpalẹ̀mọ́
4.1 Sísọ òtítọ́ fún oníṣègùn
Aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ gbogbo àìsàn tí ó ní: ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, àtọ̀gbẹ, àrùn fòníkú-fọ̀larọ̀dọ́, tàbí kí ọgbẹ́ rẹ̀ máa pẹ́ dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí ó bá lóyún, kí ó sọ. Bí oògùn kan bá ti ṣe é ní ibi rí, kí ó dárúkọ rẹ̀. Ọgbẹ́ ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga kì í tètè jinná, nítorí náà a lè ní kí ó kọ́kọ́ mú ṣúgà náà wálẹ̀.

Oògùn ni ó gba àkíyèsí jù. Aspirin àti warfarin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bí nifedipine àti amlodipine, lè mú kí erìgì ẹlòmíràn máa wú. Aláìsàn kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ dá oògùn wọ̀nyí dúró, nítorí pé ewu ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ lè ju ewu ẹ̀jẹ̀ ẹnu lọ. Kí àwọn oníṣègùn rẹ̀ fi ẹnu kò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka àgbo sí oògùn níwájú dókítà. Àṣìṣe ńlá ni. Àgbo tí a fi ọtí rẹ, àti èyí tí aáyù pọ̀ nínú rẹ̀, yẹ ní dídárúkọ.

4.2 Ìmọ́tótó àti tábà
A kì í gbin irúgbìn sínú igbó tí a kò ṣán. Kí aláìsàn máa fọ eyín rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ó sì máa fi okùn tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu àárín eyín. Bí ó bá ń mu sìgá tàbí tí ó ń lo áṣáà, kí ó ṣíwọ́ ṣáájú, kí ó má sì padà sí i. Tábà ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí erìgì kù, ó sì ń fa ìjìnná ọgbẹ́ sẹ́yìn.

4.3 Ilé àti iṣẹ́
Olùkọ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò jẹ́, ohùn sì ni irinṣẹ́ olùkọ́. Ó dára kí a mú ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ sísọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kò ní jẹ́ dandan, bí àkókò ìsinmi. Kí a ti se oúnjẹ rírọ̀ sílẹ̀, kí a ra oògùn, kí a sì ní yìnyín. Kí ẹnìkan sin aláìsàn lọ, kí òun náà gbọ́ ìtọ́ni. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ojú kan ni, kí aláìsàn jẹun kí ó tó lọ. Bí wọn yóò bá kùn ún lóorun, oníṣègùn ni yóò sọ iye wákàtí tí kò gbọdọ̀ jẹun.

5.0 Ìtọ́jú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ
5.1 Ọjọ́ kìíní
Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sójú ọgbẹ́ ni ìbora rẹ̀. Gbogbo ìtọ́ni ọjọ́ kìíní kò ju pé kí a má ṣí ìbora yìí lọ. Aláìsàn kò gbọdọ̀ ṣan ẹnu, kò gbọdọ̀ tutọ́ pẹ̀lú agbára, kò sì gbọdọ̀ fi ìfàmu mu nǹkan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jò, kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ tí ó mọ́, tí a rẹ sínú omi, tẹ ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 láìṣí i wò. Itọ́ tí ó pọ́n díẹ̀ kò ní ewu.

Kí ó fi aṣọ wé yìnyín, kí ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ó gbé e kúrò fún iye bẹ́ẹ̀, kí ó tún ṣe é. Kí ó fi ìrọ̀rí méjì sùn. Kí ó lo oògùn ìrora tí a kọ fún un kí abẹ́rẹ́ tó tán lójú ibẹ̀. Kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ lo aspirin fún ìrora. Kí ó má jẹun títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mọ ara rẹ̀, kí ó má baà gé ètè jẹ. Ẹ̀kọ tútù tàbí ògì tí kò gbóná dára.

5.2 Ọjọ́ kejì dé ọ̀sẹ̀ kejì
Ó di ọjọ́ kejì kí omi iyọ̀ tó wọlé: ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kí ó gbà á sẹ́nu, kí ó rọra yí orí, kí ó sì jẹ́ kí ó ṣàn jáde fúnra rẹ̀. A tún lè fún un ní omi chlorhexidine láti lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó lè mú eyín pọ́n fún ìgbà díẹ̀, pàápàá bí a bá ń mu tíì tàbí kọfí. Oníṣègùn yóò nu ún kúrò.

Kò gbọdọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì, pákò tàbí ahọ́n kan ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n kí ó máa fọ eyín yòókù. Wíwú sábà máa ń ga jù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn náà yóò máa lọ sílẹ̀. Àmàlà pẹ̀lú ewédú tí kò ní ata púpọ̀, ẹyin àti mọ́ínmọ́ín yóò ṣe é ní oore. Kí ó jìnnà sí ẹran gbígbẹ, ẹ̀pà, gúgúrú, obì, ọtí àti iṣẹ́ agbára. Bí a bá kọ oògùn apakòkòrò fún un, kí ó lò ó tán. Òwú tí kì í yọ́ fúnra rẹ̀ ni a sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ 7 sí 14.

5.3 Àmì ewu
Kí aláìsàn padà sọ́dọ̀ oníṣègùn bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn tí ó ti tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, bí wíwú bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, bí ibà bá mú un, tàbí bí ọyún bá ń jáde. Bí ó bá nira fún un láti gbé nǹkan mì tàbí láti mí, kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

5.4 Lẹ́yìn tí ọgbẹ́ bá jinná
Ohun méjì lè ya aláìsàn lẹ́nu. Eyín rẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó gùn sí i, nítorí pé wíwú tí ó bò ó ti lọ. Omi tútù sì lè máa ta á. Èyí èkejì sábà máa ń dínkù bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ti àkọ́kọ́ yẹ kí a ti sọ fún un ṣáájú. Àbẹ̀wò sí oníṣègùn, tí ó sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀, di dandan. Bí ìdọ̀tí bá padà, àìsàn náà yóò padà.

6.0 Ojúṣe Olùkọ́
Ẹ̀gbọ́n wa ka ìwé mẹ́fà. Ó lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrora bá ń bá fínra kì í wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ojúṣe olùkọ́ Yorùbá kò tán sórí ewì àti ìtàn àròsọ. A lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtọ́ni ilé ìwòsàn láti túmọ̀, kí a sì ní kí wọ́n kà á fún àgbàlagbà kan nílé, kí àgbàlagbà náà tún un sọ. Ohun tí kò bá lè tún sọ, kò yé e. Ọ̀rọ̀ tí a kò ní, kí a fi gbólóhùn ṣàlàyé rẹ̀ dípò kí a hun orúkọ tí ẹnìkan kò gbọ́ rí.

7.0 Àgbálọgbábọ̀
A ti fi hàn nínú bébà yìí pé ìdọ̀tí ni ó ń fa àìsàn erìgì, pé iṣẹ́ abẹ lè gba eyín là, àti pé ìpalẹ̀mọ́ àti ìtọ́jú ni ó ń mú un kẹ́sẹ járí. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Oníṣègùn yóò gbé tirẹ̀, aláìsàn náà yóò sì gbé tirẹ̀, bí a bá sọ fún un, ní èdè tí ó gbọ́, ibi tí yóò ti di ẹrù náà mú.