Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ní India: Òjò ibo ló so mọ́ ti ibo?

Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2005, òjò tó tó mílímítà 944 rọ̀ ní apá kan ìlú Mumbai láàárín wákàtí 24. Ìlú London kì í rí tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan gbáko.

Òjò monsoon, tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti orí òkun ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ló ń fún India ní bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi òjò ọdún rẹ̀. Tó bá pẹ́, àgbẹ̀ á pàdánù irúgbìn. Tó bá pọ̀ jù, ẹ̀mí á bá a lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọpa rẹ̀?

Àwọn onímọ̀ kan ní Potsdam, Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ wò ó bí àkọsílẹ̀ ìpè fóònù: bí nọ́ńbà méjì bá ń pe ara wọn ṣáá, ẹ ó mọ̀ pé nǹkan so wọ́n pọ̀, ẹ kò tilẹ̀ ní láti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Bí òjò ńlá bá rọ̀ níbì kan, tó sì rọ̀ níbòmíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí èyí ń ṣẹlẹ̀ léraléra ju kòńgẹ́ lásán lọ, kọ̀ǹpútà á fa ìlà láàárín ibi méjèèjì. Àwọn ìlà yìí á di àwọ̀n, ibi tí ìlà sì pọ̀ sí jù ni wọ́n ń ṣọ́.

Veronika Stolbova àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí méjì irú ibi bẹ́ẹ̀: àríwá Pakistan àti àwọn òkè Eastern Ghats ní ìlà oòrùn India. Lọ́dún 2016, wọ́n ní bí èèyàn bá ń wo ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ó lè mọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àwọn ọ̀nà àtẹ̀yìnwá. Ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó fẹ́ gbin ìrẹsì.

Ǹjẹ́ ó kan Áfíríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 2019, Niklas Boers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé òjò ńlá monsoon Éṣíà àti ti Áfíríkà máa ń bọ́ sí àkókò kan náà.

Àmọ́ ìlà kò sọ pé òjò kan ló rán èkejì níṣẹ́. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń rìn lókè réré ni wọ́n fi ṣàlàyé bí òjò gúúsù Éṣíà ṣe so mọ́ ti Yúróòpù.