Kòkòrò Tó Ń Sọ Ìrẹsì Di Ewé Àlùbọ́sà

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ ló yí wa ká ní Ìkẹjà àti Agége níbí. Inú àpò ni púpọ̀ nínú wa ti mọ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé inú àpò, ó ní ọ̀tá kan lóko. Kòkòrò kékeré ni, kò ju ẹ̀fọn lọ. Orseolia oryzivora ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ní 1982. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀? Abo rẹ̀ a yé ẹyin sí ara ìrẹsì. Bí ẹyin bá pa, ìdin inú rẹ̀ a rá gba àárín ewé lọ sí ibi tí èhù ti ń yọ, a sì máa jẹun níbẹ̀. Èhù náà a gùn, a sì ní ihò nínú bí ewé àlùbọ́sà. Nígbà tí kòkòrò náà bá gbó tán, a gun òkè inú ihò náà, a lu orí rẹ̀, a sì fò lọ.

Èhù tó bá ti dà bẹ́ẹ̀ kò lè yọ ṣírí mọ́. Ìrẹsì a tún yọ èhù mìíràn, oko a kún, àgbẹ̀ a rò pé ó ń ṣe dáadáa. Ọjọ́ ìkórè ni ojú rẹ̀ yóò là. Ní 1988, kòkòrò yìí ba ọ̀pọ̀ oko ìrẹsì jẹ́ ní Nàìjíríà.

Kí ni àtúnṣe? Oògùn apakòkòrò kì í tètè dé ọ̀dọ̀ ìdin nínú èhù, ó sì lè pa àwọn agbọ́n tíntìntín tí ń ṣe wá lóore. Àwọn agbọ́n wọ̀nyí a máa yé ẹyin sí ìdin náà, ọmọ wọn a sì jẹ ẹ́ pa. Koríko kan wà, Paspalum, tí ìbátan kòkòrò yìí ń gbé inú rẹ̀. Ìbátan náà kì í ba ìrẹsì jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn agbọ́n kan náà ló ń pa àwọn méjèèjì. Àgbẹ̀ tó bá fi díẹ̀ nínú koríko náà sílẹ̀ létí oko ń tọ́jú ọmọ-ogun. Ìrẹsì igbó ní tirẹ̀, kí ó hú u dànù, nítorí ilé ọ̀tá ni. Kí ó tètè gbìn, kí ó sì béèrè irúgbìn tó lè fara dà á, bíi FARO 51, tí a mú wá láti Indonéṣíà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ rántí: kì í ṣe gbogbo koríko ni ọ̀tá oko, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó tutù yọ̀yọ̀ ni yóò so.